Ẹsẹ̀ Lábẹ́ Ilẹ̀kùn

Aṣọ ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀. Àsàmáù, àbúrò mi, wọ àgbàlá wa ní New Bell, ní Douala, lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú ẹrù lórí àti ọmọbìnrin kan lọ́wọ́, mo sì rí i pé aṣọ tí ọmọ náà wọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Mo mọ aṣọ tí mo bá rán. Aláwọ̀ ewé ni, ọrùn rẹ̀ yípo, mo fi léèsì funfun sí etí rẹ̀. Ìgbà Iléyá ni mo rán an, mo sì gbé e fún Àsàmáù pé kó bá mi fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ ní Ìwó. Ìwó wo? Ọmọ náà kò dé Ìwó rí. Bonapriso ló wà, níbi tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé láti ilé mi, nínú yàrá kan lẹ́yìn gáréèjì àwọn òyìnbó, láti ìgbà tí kò tíì lè jókòó.

Mo bínú. Inú bí mi débi pé n kò kí wọn káàbọ̀. Mo ní, "Àsàmáù, ta ni mo ń ránṣọ fún láti ọjọ́ yìí?" Ó bú sẹ́kún. Ọmọ náà kò wo ìyá rẹ̀ tó ń sunkún, kò sì wo èmi tí mo ń pariwo. Ẹsẹ̀ mi ló ń wò.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ nìyí. Ọkọ Àsàmáù, ọmọ Ìwó kan tó ń bá wọn ru ẹrù ní port, fi í sílẹ̀ nígbà tí oyún ṣì wà nínú rẹ̀, ó bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gabon, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Àsàmáù ríṣẹ́ sí ilé òyìnbó kan, iṣẹ́ ilé gbígbá àti aṣọ fífọ̀. Àkókò tí mò ń wí yìí, la crise ni gbogbo Douala ń pè é. Kòkó kò lówó lórí mọ́, ilé iṣẹ́ ń ti ilẹ̀kùn, báńkì ń ti ilẹ̀kùn, ìjọba ń gé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Èmi tí mo máa ń rán aṣọ iléèwé títí ọrùn á fi dùn mí, mo jókòó ti máṣíìnì mi, mò ń lé eṣinṣin. Ẹni tó bá ríṣẹ́ nígbà yẹn kì í fi ṣeré. Madame sì ti sọ fún Àsàmáù lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé òun kò fẹ́ ọmọdé nínú boyerie, ìyẹn àwọn yàrá ẹ̀yìn ilé tí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ń gbé. Àsàmáù ní òun kò lọ́mọ lọ́dọ̀.

Ó ti ọmọ jòjòló mọ́ yàrá. Fèrèsé yàrá náà dojú kọ ògiri. Láàárọ̀ ó ń fún un lọ́mú, ó ń ti ilẹ̀kùn, ó ń lọ síṣẹ́, ó ń yọ́ wá lọ́sàn-án bí madame bá ti ń sùn, ó di alẹ́ kó tó tún rí i. Mo béèrè bó ṣe ṣe é tí ọmọ kò fi ké kí ajá àti olówó ajá gbọ́. Ó kọ́kọ́ fún un ní ṣìróọ̀pù ikọ́ tó ń mú ni sùn. Nígbà tó yá, ó rí ọgbọ́n mìíràn dá. Bí ọmọ bá ń ké, kò ní wọlé. Ó dìgbà tí ọmọ bá dákẹ́ kó tó ṣílẹ̀kùn. Kò pẹ́ tí ọmọ fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, kì í ké mọ́ rárá, ebi ì báà máa pa á, ibà ì báà mú un.

"Kò yọ mí lẹ́nu, Àǹtí Ṣìkẹ́," ló wí fún mi, ó ń fi etí ìró rẹ̀ nu imú. "Ọmọ dáadáa ni. Ẹ ò lè mọ̀ pé ó wà nínú ilé."

Ohun tí ọmọ yẹn mọ̀ nípa aráyé kò ju ẹsẹ̀ tó ń kọjá lábẹ́ ilẹ̀kùn lọ. Bàtà rọ́bà ẹni tó ń tọ́jú òdòdó, sálúbàtà àwọn ọmọ madame, èékánná ajá. Ìgbà tí ilé iṣẹ́ òyìnbó náà kógbá sílé tí wọ́n padà sí Faransé, tí Àsàmáù kò ríbi lọ mọ́, ìgbà yẹn ni ọmọ náà, Adétọ́lá, jáde sínú oòrùn. Ó ti lé lọ́mọ ọdún márùn-ún.

Àgbàlá wa kì í ṣe ibi ìdákẹ́jẹ́. Yàrá yí i po, ẹ̀rọ omi kan wà láàárín, àwọn ọmọ sì pọ̀ débi pé bí o bá ju ẹ̀pà sílẹ̀, kò ní balẹ̀. Onílé wa ni Bàbá Ògúndáre, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi, ẹni tó ti wà ní Douala kí Cameroon tó gbòmìnira. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni abẹ gé láàárín àwa Yorùbá tó wà ní sàkání yẹn. Nígbà tí Àsàmáù mú ọmọ lọ kí i, Adétọ́lá rí ẹsẹ̀ àgbàlagbà, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó wolẹ̀, kò mira.

"Ẹ̀yin ìyá!" Bàbá Ògúndáre pè wá jáde. "Ẹ wá wo ọmọ tó gbẹ̀kọ́! Ẹ̀yin tí àwọn ọmọ yín ń fa irùngbọ̀n mi, ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ!"

Gbogbo àgbàlá yìn ín. Wọ́n ní ọmọ jẹ́jẹ́, ọmọ tí kì í béèrè, ọmọ tó mọ̀wà hù lójú àgbà. Àsàmáù, tó ti ń fi orí pamọ́ látìgbà tó dé, gbé ọrùn sókè, ó rẹ́rìn-ín. Báyìí ni àwa ṣe rí, a kò kúkú ní í yí padà. Bí ọmọ bá ti dákẹ́, a ti gbà pé wọ́n tọ́ ọ. Èmi rí i pé ọmọ náà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí gbogbo wa ti tú ká. Kò mọ̀ pé ó lè dìde.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló kọ́kọ́ da nǹkan rú. Àwo kan ni àwọn ọmọ wa máa ń jẹun nínú rẹ̀, gbogbo wọn á rọ̀gbà yí i ká, èyí tó dàgbà jù á pín ẹja. A fi Adétọ́lá sáàárín wọn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bu tirẹ̀, ó gbé e lọ sí kọ̀rọ̀, ó dojú kọ ògiri. Ọmọ Bùsàrí télọ̀ lọ dúró tì í láti bá a ṣeré. Ó gé e jẹ lọ́wọ́, kò sì yọ eyín títí a fi dí i nímú. Bí a ṣe ń nà án, kò sá, kò ké, kò bẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mì síwá sẹ́yìn, síwá sẹ́yìn, ojú rẹ̀ kò sí lára ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ ayọ́ọ̀nù ni ẹ̀rù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Mo gbé ayọ́ọ̀nù eléèédú mi sílẹ̀ lórí pèpéle, mò ń wá òwú. Òórùn ló pè mí padà. Ọmọ náà fi apá ti ayọ́ọ̀nù náà, ara rẹ̀ ti ń bó, ó sì ń wo apá náà bí ẹni ń wo nǹkan ẹlòmíràn. Ìyá rẹ̀ wà ní ìdí ẹ̀rọ omi, èmi wà nítòsí, èèyàn kún àgbàlá. Kò ṣe "yéè". Mo já a gbà, mo ń pariwo, ó sì ń wo ẹnu mi.

Marguerite ló bá wa tọ́jú apá náà. Ọmọ Bassa ni, yàrá rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi, ó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré kan. Pidgin ni èmi àti ẹ̀ ń sọ. Ó ní "ashia", ìyẹn pẹ̀lẹ́, fún ọmọ náà, ó fọ ojú egbò, ó fi báńdéèjì dì í, gbogbo rẹ̀ láìgbọ́ ohùn ọmọ. Nígbà tó parí, ó ní kí n jókòó.

"Mami Kàmọ́rù," ló pè mí, nítorí Kàmọ́rù lọmọ mi, "ìyá ọmọ yìí rò pé òun tọ́ ọmọ. Kò mọ ohun tó ṣe."

Ó ṣàlàyé fún mi. Ó ní wọn kì í bí ọmọ pẹ̀lú ọpọlọ tó ti parí. Ojú tó ń wò ó, ohùn tó ń dá a lóhùn, ọwọ́ tó ń gbé e, àwọn ló ń parí rẹ̀. Bí ọmọ bá ké tí èèyàn dé, nǹkan kan so mọ́ nǹkan kan nínú orí rẹ̀. Bó bá ké tí ẹnikẹ́ni kò dé, tó tún ké tí ẹnikẹ́ni kò dé, ibẹ̀ á gbẹ, bí ọ̀nà oko tí ẹnikẹ́ni kò gbà mọ́. Ó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe olóríkunkun, kì í sì í ṣe òkú ọ̀dájú. Kò mọ ìlò èèyàn ni.

Mo ní, "Ṣé a lè la ọ̀nà náà padà?"

"Wọ́n máa ń là á fún àwọn míì, bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀. Àárín èèyàn ni wọ́n ti ń là á." Ó wo ọmọ náà. "Èyí ti ń lọ sí ọdún mẹ́fà. Ó ti ń pẹ́. Bí ẹ bá tún tì í mọ́lé, ó tán nìyẹn."

Mo lọ bá Àsàmáù, mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ó bínú sí mi. Ó ní Marguerite ń jowú nítorí pé ọmọ tirẹ̀, Manuella, aláriwo ni. Manuella yẹn kò ju ọmọ ọdún méjì lọ, òótọ́ sì ni, bí ẹ̀fọn bá jẹ ẹ́, títí dé ọjà ni wọ́n á gbọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Bàbá Ògúndáre yí ohùn padà. Ó ń sùn lórí àga rẹ̀ lábẹ́ ìbòòji bó ṣe máa ń ṣe lẹ́yìn oúnjẹ. Ó lajú, ó bá ojú ọmọ kan tó sún mọ́ tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èémí wọn ń pàdé, ìka ọmọ náà sì ń gbé ìpéǹpéjú rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Adétọ́lá kò tíì rí ojú èèyàn tó yàtọ̀ sí ti ìyá rẹ̀ nítòsí bẹ́ẹ̀ yẹn rí láyé rẹ̀, ó fẹ́ mọ bí ó ṣe ń ṣí tó ń pa dé ni. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn lẹ́nu mi? Bàbá pariwo "Jésù!" ó ṣubú kúrò lórí àga, fìlà rẹ̀ wọ inú àgbàrá. Ní ọjọ́ mìíràn ǹ bá rẹ́rìn-ín títí. N kò rẹ́rìn-ín. Mo rí bí àwọn ìyá ṣe ń fa ọmọ wọn mọ́ra.

Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ti di ọmọ tí kì í ṣe èèyàn lásán. Bàbá Ògúndáre pe gbogbo wa jọ. Ó ní òun mọ ilé àdúrà kan lápá Bonabéri, wọ́n ń gba irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á tì í mọ́lé, wọ́n á máa gbàdúrà lé e lórí títí ara rẹ̀ á fi mọ́. Ó fún Àsàmáù di ìparí oṣù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àti ìyá àti ọmọ, kí wọ́n wá ilé mìíràn lọ.

Mo ní, "Bàbá, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún un ni."

"Ìyá Kàmọ́rù, ṣé ìwọ lo nilé ni?"

Mo wo Àsàmáù, mo ń retí kó sọ̀rọ̀. Ó ń ṣa eérú lára ìró rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá. Bẹ́ẹ̀ ló máa rí." Ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́, ọkàn mi kò sì dáríjì í. Bí wọ́n bá gbé ọmọ yìí lọ sí Bonabéri, mo mọ̀ pé a kò ní rí i gbà padà láyé.

Manuella nìkan ni kò gbọ́ pé wọ́n ti dájọ́ fún ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ló ti ń tọ Adétọ́lá lẹ́yìn. Yóò kàn wá, yóò jókòó lé e lẹ́sẹ̀ bí ẹni jókòó sórí àpótí, yóò di etí rẹ̀ mú, yóò sì máa sọ ọ̀rọ̀ tí òun nìkan gbọ́. A ń retí kí Adétọ́lá gé e jẹ. Kò gé e jẹ. Ó kọ́kọ́ máa ń le gbagidi, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sún ẹsẹ̀ sílẹ̀ kí ọmọ náà lè ráyè. Ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń wí yìí, mo rí i tó bu búrẹ́dì tirẹ̀, tó fi sí Manuella lẹ́nu. Mo pe Marguerite kó wá wò ó. Àwa méjèèjì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Marguerite dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní kí n má jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ, òun náà á bá bàbá yẹn sọ ọ́.

Kò tíì rí i bá sọ nígbà tí àwọn ọmọ méjèèjì sọnù.

Marguerite ló dé láti ibi iṣẹ́ lọ́sàn-án tó ní, "Manuella dà?" Àsàmáù ní wọ́n wà lọ́dọ̀ mi. Èmi rò pé wọ́n wà lọ́dọ̀ Àsàmáù. A wo yàrá, a wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a wo ilé ìwẹ̀, a wo ẹ̀yìn àwọn dúrọ́ọ̀mù. Kò pẹ́ tí gbogbo àgbàlá fi ń pariwo orúkọ wọn, tí àwọn ará àdúgbò fi dara pọ̀, tí ẹni kan tó ń gun bendskin, ìyẹn ọ̀kadà, fi ń yí gbogbo òpópónà ká tó ń fọn fèrè. Manuella! Adétọ́lá! Ohùn kún New Bell. Kàmọ́rù, tó ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní port dé, fo ògiri lọ wo gọ́tà ńlá. Èmi gba ẹ̀yìn ògiri, níbi ilé àkọ́kù kan tí òṣìṣẹ́ ìjọba kan patì nígbà tí wọ́n gé owó oṣù rẹ̀, mo ń pè wọ́n títí ohùn mi fi há. Mo dúró, mo fetí sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Mo padà.

Nígbà tí mo dé, ojú gbogbo èèyàn ti wà lára Àsàmáù. Bàbá Ògúndáre ń sọ pé, "Mo wí i, àbí n kò wí i?" Bùsàrí ní ọmọ tó lè mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ òun, kí ni kò lè fi ọmọ ọdún méjì ṣe? Mo fún un lésì tí n kò lè kọ síbí. Marguerite ti di ìró Àsàmáù mú ní àyà, ó ń mì í jìgìjìgì, ó ń bi í lédè Faransé pé níbo lọmọ rẹ̀ gbé ọmọ òun lọ.

Àsàmáù kò jà. Ó ń gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀ níta, ojú rẹ̀ sì yí padà níṣojú mi.

"Ẹ ní kí wọ́n dákẹ́," ló wí. "Àǹtí, ẹ ní kí wọ́n má pè é mọ́. Bí wọ́n bá ń pè é, ṣe ló máa dákẹ́ sí i."

"Kí lo sọ?"

"Èmi ni mo kọ́ ọ. Nígbà kan àwọn ọmọ madame gbọ́ nǹkan nínú yàrá, wọ́n wá ń kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù bà mí. Mo sọ fún un pé ẹnikẹ́ni tó bá pè é tí kò rí ojú ẹ̀, kì í ṣe èèyàn. Mo ní bó bá dáhùn, wọ́n á mú un lọ."

Kò sí Yorùbá kan níbẹ̀ tí kò mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ìyá kálukú wa ló kọ́ wa. Mo ṣì rántí ìyá èmi àti Àsàmáù lóko, lọ́sàn-án gangan, tó ń sọ fún wa pé bí a bá gbọ́ orúkọ wa láti inú igbó, kí a kọ́kọ́ wo ojú ẹni tó pè wá kó tó di pé a jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n àwa mọ ojú púpọ̀. Bí ẹni tó pè wá bá jáde síta, a ó rí i pé Bùọ̀dá báyìí ni, a ó sì dáhùn. Adétọ́lá, ojú kan ṣoṣo ló mọ̀. Gbogbo aráyé tó kù, ohùn tí kò lójú ni wọ́n jẹ́ fún un.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Marguerite. Ó jọ̀wọ́ ìró Àsàmáù. Ó yíjú sí àwọn èrò, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe orúkọ mọ́, kí wọ́n fi ojú wá wọn. Ìdákẹ́jẹ́ tó bo àgbàlá yẹn burú ju ariwo lọ. Ẹsẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́, ẹsẹ̀ àwọn tó ń wá.

Mo padà sí ilé àkọ́kù náà. N kò mọ ìdí tí mo fi padà, àfi pé mo ti wo ibẹ̀ pẹ̀lú ẹnu, n kò tíì fi ojú wò ó. Koríko ti hù nínú pálọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ibi tó yẹ kó jẹ́ ilé ìdáná, mo rí kànga kan tí wọ́n fi páànù bò. Páànù náà ti ṣẹ́ sí méjì láàárín. Létí rẹ̀, sálúbàtà kékeré méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó tò wọ́n dáadáa, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ láti máa tò wọ́n kó tó gun bẹ́ẹ̀dì. Ti Adétọ́lá ni.

Mo rákòrò dé etí kànga, mo yọjú.

Kànga kì í jìn ní Douala, omi sún mọ́lẹ̀. Ọmọ náà dúró nínú omi, omi dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n rẹ̀. Ó gbé Manuella lé èjìká, ó fi apá tí báńdéèjì wà rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kejì dí i lẹ́nu. Sálúbàtà Manuella kan ń léfòó lórí omi. Mo wo ara kànga, mo rí àwọn ihò tí àwọn agbẹ́kànga gbẹ́ láti máa ki ẹsẹ̀ bọ̀, ẹrẹ̀ wọn ti ya níbi tí ẹsẹ̀ kékeré ti yọ̀. Èyí tó kéré ló já bọ́. Èyí tó dàgbà bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Àgbàlá tí èèyàn kún inú rẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri, igbe kan péré ì bá gbé gbogbo wa dé. Kò ké e. Nígbà tí mo dúró síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí mò ń pè wọ́n, ó gbọ́ mi, ó sì ń ṣọ́ ọmọlọ́mọ lọ́wọ́ mi.

Mo gbé ojú mi síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kó lè rí i. Mo rọra pè é. "Adétọ́lá."

Ó gbójú sókè. Kì í ṣe ẹsẹ̀ mi ló wò.

"Mà," ló wí. Èémí ni, kò tó ohùn.

Mo kígbe fún Kàmọ́rù nígbà náà, èmi tí ohùn mi ti há. Wọ́n sáré dé pẹ̀lú okùn. Kàmọ́rù sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ títí kó tó jẹ́ kó gba Manuella lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Ògúndáre fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó di okùn mú. Nígbà tó ń yí ẹsẹ̀ padà kó lè dúró dáadáa, ó fẹ́ẹ̀ẹ́ tẹ àwọn sálúbàtà náà. Ó wò wọ́n. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò, kò sì sọ nǹkan kan nípa Bonabéri, lọ́jọ́ náà tàbí lẹ́yìn náà.

Manuella fi ikọ́ tu omi, ó mí, ó sì ké. Ha, igbe! N kò rò pé mo lè fẹ́ràn igbe bẹ́ẹ̀. Marguerite já a gbà, ó ń pe Ọlọ́run ní Bassa, àwọn obìnrin wọ́ tẹ̀ lé e, ẹni kan mú ìró, ẹni kan mú omi gbígbóná, àwọn tí kò tilẹ̀ mọ ọmọ náà ń na ọwọ́ sí i. Bó bá ṣe ń ké sí i ni wọ́n ń pọ̀ sí i.

Wọ́n ti gbé Adétọ́lá sórí koríko. Ìyá rẹ̀ dúró lókèèrè, kò lè sún mọ́ ọn. Ètè ọmọ náà ti dúdú nítorí òtútù. Ó ń wo Manuella. Ó ń wo ẹnu rẹ̀ tó là, ó ń wo àwọn èèyàn tó ń sáré bọ̀ níbẹ̀, ó ń wo ẹnu, ó ń wo èèyàn. Mo rí i tó ń rò ó. Lẹ́yìn náà ó la ẹnu tirẹ̀. Ó là á gbàgà, bí Manuella ṣe là á gẹ́lẹ́, ó di ojú, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta, ikùn rẹ̀ wọlé.

Nǹkan kan kò jáde.

Ó ṣí ojú, ó wo àyíká, ó ń wò bóyá ẹnikẹ́ni ń bọ̀. Àwọn èrò kọ ẹ̀yìn sí i. Ó tún ẹnu là.

Mo sáré. Ọjọ́ orí mi kò gba eré mọ́, mo sá a. Mo ṣubú lórí orúnkún níwájú rẹ̀, mo gbé e bí ẹni pé ó ké, bí ẹni pé gbogbo New Bell ló gbọ́ ọ. Ara rẹ̀ le gbagidi, omi ń kán lára rẹ̀ sí mi láyà, kò sì di mọ́ mi. N kò gbé e sílẹ̀.